Iná Pupa Inú Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ Jẹ́ N Gbọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Rewáyà ni, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe, ọkọ̀ tó bá sì ti gbó ni inú rẹ̀ máa ń dùn sí jù. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá, tí ẹni tó ni ín bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ jẹ́ n gbọ́." Kì í ṣe onítọ̀hún ló fẹ́ gbọ́ o, ọkọ̀ ni. Á tẹ orí mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dijú, á dúró bẹ́ẹ̀ títí ara á fi máa ta ọlọ́kọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ láti ìdí àdògán títí dé ẹnu ọ̀nà kó má gbọ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n bí bẹ́líìtì ọkọ̀ bá ké lójú títì lọ́hùn-ún, á ti gbọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún la ti fẹ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ kí n fẹ́ ẹ. "Ọkùnrin yẹn" ló ń pè é, níṣojú mi, níṣojú òun fúnra rẹ̀, bí ẹni pé wọn ò sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti gbó kọjá sísọ, kò sí mẹkáníìkì tí kò tíì fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò gbé e wá sọ́dọ̀ "ọkùnrin yẹn" rí. Ó máa ń dùn mí wọnú egungun. Ọkọ mi ní kò dun òun, irọ́ ló ń pa.

Nígbà tí wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ Oníbátìrì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti ọkọ mi ni ẹ̀gbọ́n mi lọ ra bátìrì tuntun. Ọ̀rẹ́ ni ọkọ mi àti Oníbátìrì, wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ni. Bátìrì náà kú. Ó ra òmíràn, ìyẹn náà kú. Ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Oníbátìrì lọ́sàn-án gangan, ó ń pariwo pé olè ni, pé òkú bátìrì ló ń kùn lọ́dà tó ń tà fáwọn èèyàn. Ọkọ mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Èrò pé jọ. Oníbátìrì wọnú ọkọ̀ náà, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó wò ó díẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, kò wí nǹkan kan. Àwọn èèyàn ní bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kí ló ń dákẹ́ sí? Láti ọjọ́ náà ni kò ti sẹ́ni tó ń yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Ó kàn ń jókòó síwájú ibẹ̀, ó ń lé eṣinṣin. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé tó bá di ìparí oṣù, àwọn á kó kúrò.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ náà wá sílé wa, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá a ṣáàjì bátìrì níbòmíràn. Ó tẹ fèrè, ó ní, "Àna mi dà?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Àna mi! Mo sáré gbé àga síta, mo nù ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ mi kọ́kọ́ gbọ́ ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè bíi dókítà. "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ló máa ń kú? Tẹ́ ẹ bá lọ síbi tó jìn ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó ya òun lẹ́nu nìyẹn. Tóun bá rìnrìn àjò, tóun sáré dáadáa, ọkọ̀ kì í yọ òun lẹ́nu. Àárín ìlú níbí, tóun bá ń rọra lọ, tóun ń rọra bọ̀, ni bátìrì fi ń kú.

Ọkọ mi fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì wò, kò dẹ̀. Ó ha orí bátìrì mọ́, ó fa wáyà tó so ó mọ́ ara ọkọ̀, ó le dáadáa. Ó fi mítà tó ń wọn iná wò ó: méjìlá àti díẹ̀. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó tún wò ó: méjìlá náà ni, ó tilẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fún bátìrì níná kàn ń yí lásán ni. Ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi. Ọkọ̀ bú ramúramù, nọ́ńbà orí mítà sì fò lọ sí mẹ́rìnlá.

"Ẹ̀rọ yìí ò bàjẹ́," ọkọ mi wí. "Sísùn ló sùn. Kò sí ohun tó ń jí i, àfi tẹ́ ẹ bá fi eré jí i."

Ó pa ọkọ̀, ó jókòó síwájú, ó yí kọ́kọ́rọ́ láì ṣáná. Iná ọ́ìlì tàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kí iná pupa bátìrì ti tàn, ó ṣókùnkùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ́kọ́rọ́. Ó wò mí, mo sì gbójú kúrò.

Nítorí mo mọ̀. Ṣáájú kí ẹ̀gbọ́n mi tó ra bátìrì kankan, ìyàwó rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà wá kí wa. Ó ń ṣàròyé pé iná pupa kékeré kan kì í kú tán, pé ó ń já òun láyà. Ọkọ mi ní òun máa wá àyè wo ohun tó fà á. Èmi ni mo ní, "Àyè wo? Nítorí gílóòbù kékeré yẹn? Yọ ọ́ fún un jàre, kó sinmi." Ó yọ ọ́, ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun á wò ó dáadáa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ò dé mọ́. Bẹ́ẹ̀, nínú irú ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, gílóòbù náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Inú rẹ̀ ni iná tín-ín-rín tó ń jí ẹ̀rọ náà ń gbà kọjá. Ọkọ mi mọ èyí bí ẹní mowó. Ó kàn gbàgbé ni.

Mo tẹ̀lé e lọ sídìí àpótí irinṣẹ́, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Fi òmíràn sí i, kó o sọ pé wáyà ló já. Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àna."

"Oníbátìrì ńkọ́?"

"Ìyẹn á rí ibòmíràn lọ." Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Ó padà sídìí ọkọ̀. Ó fọ ẹnu wáyà kan tó ti dọ̀tí, èyí tí kì í jẹ́ kí iná pupa náà kú tán, ó sì fi gílóòbù tuntun sí i. Ó yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa tàn. Ó ṣáná, iná náà kú pátápátá, mítà sì dúró sórí mẹ́rìnlá láì sí pé ẹnikẹ́ni sáré. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. "Àna mi! O mọṣẹ́ o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì yìn mí," ọkọ mi wí. "Èmi ni mo yọ gílóòbù tó wà níbẹ̀. Bátìrì méjèèjì ò ní àbùkù kankan." Kò dárúkọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú títì bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó wá ní, "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ilé ni, kó parí síbí."

"Kò lè parí síbí, Ẹ̀gbọ́n. Ìta lẹ ti pè é lólè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà."

Mo rò pé yóò gbé e gbóná fún un. Ó wọ bàtà. Èmi náà tẹ̀lé wọn.

Oníbátìrì ń di àwọn wáyà rẹ̀ sínú páálí nígbà tá a débẹ̀. Ọkọ mi rò gbogbo rẹ̀ fún un, àfi ìpín tèmi, ìdúró ló sì dúró rò ó. Oníbátìrì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Mo ti mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń pariwo lé mi lórí ni mo mọ̀. Iná ọ́ìlì ń tàn bàìbàì, ti bátìrì ò tàn rárá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín sì ti sọ fún mi pé ìwọ lo bá wọn yọ gílóòbù rẹ̀."

"Kí ló dé tó ò fi sọ?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Kí n sọ ọ́ níṣojú èrò yẹn? Ọdún mélòó lẹ fi pè é ní ọkùnrin yẹn? Tí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó parí fún un nílé yín nìyẹn." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Mo mọ̀ pé wàá rí i, tó o bá sì rí i, wàá wá. O kàn pẹ́ díẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà. "Ẹ má bínú," ló sọ fún un. "Gbogbo ẹni tí mo bà yín jẹ́ lójú rẹ̀ ni màá padà lọ bá."

Ọ̀rọ̀ ti ń parí bọ̀, wọ́n ti fẹ́ bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, ojú sì ń tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

"Èmi ni mo ní kó yọ ọ́," mo wí. "Èmi náà ni mo ní kó dákẹ́ lónìí, kẹ́yin máa kó lọ."

Oníbátìrì wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó nu orí bẹ́ǹṣì tó ń jókòó lé, ó ní kí n jókòó. Mi ò lè jókòó.