Gàárì Bàbá Ńlá Wa àti Ẹṣin Ọba ní Stockholm

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó mú mi la òkun kọjá ní àlọ àti ní àbọ̀ tí n kò di oúnjẹ ẹja. Mo tún dúpẹ́ pé Ó dá ikùn mi sí nínú oúnjẹ àwọn tí mo lọ bá, nítorí ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ ìyanu.

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo gun orí àpò àgbàdo nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń ti Ọjà Igbó lọ sí Ọ̀yọ́. Ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló yàn mí pé kí n bá òyìnbó míṣọ́nnárì wa lọ sí ìpàdé àwọn onítẹ̀bọmi ní Stockholm, olú ìlú ilẹ̀ Sweden. Mo yà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti dágbére fún ẹ̀gbọ́n mi Àkàndé, olórí ilé wa. Ó gbé gàárì bàbá ńlá wa síwájú mi, gàárì awọ pupa tí ó ti ojú ogun bọ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé gbogbo ọmọ ilé wa lé ní kékeré, kí wọ́n tó ki oríkì ilé fún wọn. Òyìnbó kan tí ń kó nǹkan àtijọ́ jọ fẹ́ gbà á lọ sí míúsíọ̀mù, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí fún àwòran. Ó ń padà bọ̀ wá gbọ́ èsì.

“Ìwọ tí ò ń lọ,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “bá mi wo irú ilé yẹn. Bí wọ́n bá ń ṣe dáadáa sí nǹkan onínǹkan, n ó gbé e fún un.”

“Ẹ jẹ́ kó tilẹ̀ máa gbé e lọ báyìí,” ni mo wí. “Ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan.”

“Ikán ilé wa ni,” ló dá mi lóhùn.

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa láti Ìbàdàn dé Èkó, ọkọ̀ òkun sì gbé wa dé Liverpool, kí òmíràn tó gbé wa dé Sweden. Gbogbo ohun tí mo jẹ lójú omi, ẹja ló jàǹfààní rẹ̀.

Orí erékùṣù ni Stockholm wà, afárá ló so ó pọ̀. Òkúta róbótó-róbótó ni wọ́n tò sí títì. Ẹni tí bàtà rẹ̀ fẹ́lẹ́ á mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ. Arákùnrin Eríkì, díákónì kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbà wá sílé. Lásìkò ooru wọn, oòrùn kì í fẹ́ lọ sùn. Bí mo bá ń gba àdúrà alẹ́, á máa wò mí lójú fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ bá mi ṣe àmín. Ẹja tí kò rí iná rí, tí wọ́n fi iyọ̀ àti ṣúgà rẹ, ni wọ́n ń pè ní sill. Mo dúpẹ́ kí n tó jẹ ẹ́. N kò lè dúpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Eríkì fi slott hàn mí, ìyẹn ààfin, lẹ́yìn náà ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sin àwọn ọba sí. Owó tí kò tó ṣílè kan ni a san, a sì ń rìn yí pósí ọba ká bí ẹni ń ná iṣu. Ní Ọ̀yọ́, ẹni tí kò ní iṣẹ́ níbi tí ọba sùn sí kì í débẹ̀.

“Àwọn ìjòyè kò bínú?” ni mo bi í.

“Owó náà la fi ń tún òrùlé ṣe.”

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí míúsíọ̀mù, ilé ràgàjì kan tó rí bí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbàgbé láti fi pẹpẹ sí. Ẹṣin tí ọba wọn kan gùn lọ sógun láyé àtijọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n bó awọ rẹ̀, wọ́n ki nǹkan sí i nínú, wọ́n sì di gàárì lé e lẹ́yìn. Gàárì náà ń dán, kò sí ikán, kò sí eruku. Mo wí lọ́kàn mi pé ó tán, gàárì tiwa ti rílé.

Nínú yàrá tó tẹ̀lé e, wọ́n kọ́ ilé àgbẹ̀ àtijọ́ kan. Bàbá arúgbó kan jókòó níbi ààrò, ìkòkò tábà lọ́wọ́ rẹ̀, Bíbélì lórí itan. Ta ni ọmọ Ọ̀yọ́ tí yóò wọlé bá àgbà tí kò ní kí i? Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ kú ìjókòó, bàbá.”

Kò dáhùn. Mo rò pé inú ló ń bí i pé mo wọlé láìkàgò. Mo ní, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí ara wa rí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kí i. Mo fi god dag kún un, ìyẹn ẹ kú ọ̀sán lédè wọn. Bàbá ń wò mí, èmi náà wà nílẹ̀, àyà mi lórí pákó tútù, nítorí kò tíì ní kí n dìde. Àwọn obìnrin kan ti pé lé mi lórí.

“Arákùnrin, kí lẹ ń wá nílẹ̀?” Ohùn Eríkì nìyẹn.

“Bàbá yìí kò tíì ní kí n dìde.”

“Kò lè sọ ọ́. Ìda ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Igi ni ara rẹ̀.”

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bi í ní nǹkan kan, ojú Eríkì sì pọ́n bí ata. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

“Ó ní ṣé ẹ̀yin náà wà lára ohun tí wọ́n kó wá fún àwòran ni.”

“Ẹ sọ fún un pé rárá. Èmi ń dáhùn bí wọ́n bá kí mi.”

Nígbà tí à ń jáde, a tún gba ọ̀dọ̀ ẹṣin náà kọjá. Okùn pupa ni wọ́n ta yí i ká kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má bàa kàn án. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé mi lé gàárì tiwa: wọ́n ní mo tọ̀ sí i. Àbàwọ́n rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, òyìnbó agbàgàárì ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń retí èsì.

“Ṣé wọ́n ń tọ́jú nǹkan?” ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

“Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ kí àgbà kan níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo dìde.” Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá onída fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

“Sọ fún àlejò wa pé a dúpẹ́,” ló wí. “Kó bá wa wá oògùn ikán.”

Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lé gàárì, ó bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì ilé wa. Kò tíì kì í dé ìdajì tí ọmọ náà fi ṣe bí mo ti ṣe lórí rẹ̀ ní kékeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí, ibikíbi tí ẹ bá lọ, kí Olúwa mú yín padà sí ilé tí wọn yóò ti dá yín lóhùn. Àmín.