Ilé Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Bébà Nínú

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Gaik Choo máa ń gbé báàgì rẹ̀. Kì í yẹ̀. Á wọ bàtà, á dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn ní àjà kọkànlá, á kọjú sí ọkọ tí wọ́n ti jọ ń gbé láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, á ní:

"Ẹ ṣeun o, bàbá. Oúnjẹ yín dùn. Mo fẹ́ máa lọ sílé wa."

Khaw Teik Seng á di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ilé wa nìyí, Gaik."

"Èyí kọ́. Bàbá mi ń retí mi."

Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ilé tó ń wí wà ní àdúgbò àtijọ́ ní ìlú George Town. Ibẹ̀ ni bàbá náà ti ń fi ọparun àti bébà kọ́ ilé kéékèèké tí wọ́n ń sun fún òkú, kí òkú lè rí ibi gbé lọ́hùn-ún. Wọ́n ti ta ilé náà, ó ti di òtẹ́ẹ̀lì. Teik Seng mú un lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà wo iwájú rẹ̀, ó ní wọ́n mú òun wá sílé onílé, ó sì sunkún títí wọ́n fi padà. Ẹnu ọ̀nà tèmi ló kọjú sí tiwọn. Mo gbọ́ ẹkún náà.

Ìdí nìyí tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ọ̀hún sórí tábìlì ìjẹun. Mẹkáníìkì ni lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò lọ sí Butterworth lódìkejì omi kó tó fẹ̀yìn tì. Kò kọ́ ilé rí. Ṣùgbọ́n ó rò pé bí ìyàwó òun bá fojú rí ilé rẹ̀ nínú yàrá wọn, ọkàn rẹ̀ á gbà pé òun ti délé.

Gaik Im, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ bá a lẹ́nu iṣẹ́.

"Teik Seng, kí lò ń ṣe?"

"Ilé yín ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ilé kékeré! Ṣé o ò mọ ẹni tí wọ́n ń kọ́ ilé kékeré fún ni? Àbí o ti gbẹ́ sàréè rẹ̀ náà?"

"Bébà ni wọ́n fi ń kọ́ ti òkú. Bébà kankan ò ní wọ tèmi."

"Ọparun ńkọ́?"

"Ọparun náà ò ní wọ̀ ọ́."

"Ẹ wá wo ọkùnrin tó ń bá ikú ná ọjà bí ẹni ń ná ẹja."

Bó ṣe de ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Páálí ni gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá, bébà sì ni páálí. Ó ní láti wá nǹkan mìíràn, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì tó ra ohun tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ọlọ́lá ń tà. Àwòrán ìgbéyàwó wọn ló fi gba ìwọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà nínú àwòrán, nítorí náà ó fi gíga ara rẹ̀ mọ gíga ilẹ̀kùn, ó sì fi ilẹ̀kùn mọ ìyókù. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ilé gidi di ẹyọ kan lórí tábìlì.

Abẹ́ ilé wa ni mo ti ń ta ohun mímu tútù. Mo kó igi áísìkiriìmù fún un, mo kó àwọn igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ro kọfí. Ike tí wọ́n fi ń fa ohun mímu, ó là wọ́n sí méjì ní gígùn, ó tò wọ́n sórí òrùlé bí amọ̀ sísun tí wọ́n fi ń bo ilé. Àwo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń gbé ẹja lé di ògiri. Gọ́ọ̀mù tó kọ́kọ́ rà jẹ fọ́ọ̀mù náà bí iná. Ògiri apá òsì yọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún un ṣe pẹ̀lú gọ́ọ̀mù funfun olómi. Eyín kóòmù tí wọ́n ń ta ní owó ríńgìtì méjì di irin ojú fèrèsé. Agolo mílíìkì di ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ó pò búlúù ìfọṣọ mọ́ ẹfun kun ògiri, nítorí aró ni àwọ̀ ilé náà, ó sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí ra ibi tí ọ̀rinrin máa ń bà jẹ́. Pupa ilẹ̀kùn jẹ́ ọ̀dà èékánná Gaik Choo, èyí tó ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ ìgò.

Lọ́jọ́ kan ó kan ilẹ̀kùn mi.

"Àbúrò, ojú mi ò ríran tó. Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn ike yìí?"

Igi tí wọ́n fi ń ta eyín ló wà nínú rẹ̀. Ó ti fi wọ́n ṣe ọwọ́ àtẹ̀gùn.

"Ọparun ni wọ́n kọ, Bàbá Khaw. Ṣùgbọ́n igi ìtayín lásán ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tó yẹ kó mọ̀ á mọ̀."

Ó fa gbogbo wọn yọ, mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ló gbà á. Ọjọ́ tó parí, ó fi aṣọ bò ó títí di agogo mẹ́rin. Gaik Im wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Gaik Choo jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣí aṣọ.

Gaik Choo gbé báàgì sílẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Iṣẹ́ bàbá mi!" Ó yí tábìlì po.

"Ilé wa ni, Gaik. O ti délé."

Kò gbọ́. Ó fi èékánná kan òrùlé, ó tẹ ògiri, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọmọṣẹ́ tuntun ló ṣe èyí, àbí?"

"Kí ló ṣe é?" ni Teik Seng bi í.

"Kò sí bébà níbẹ̀. Ike rèé. Agolo rèé. Kò ní jó." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí oníbàárà wà nítòsí. "Bàbá, bí kò bá jó, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ìta lẹni yẹn á máa sùn lọ́hùn-ún."

"Ta ló ni ín?" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu Gaik Im. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá a báyìí, ìtìjú bàbá mi ni." Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ gbé bébà wá."

Teik Seng wo ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, bí ẹni pé òun ló yẹ kó dá a dúró. Obìnrin tó ti ń pariwo láti oṣù mẹ́rin wo ilẹ̀.

"Lọ rà á," ló sọ. "Èyí tó fẹ́lẹ́. Kó o ra ọparun lílà mọ́ ọn."

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ọwọ́ Gaik Choo tí kò lè de bọ́tìnnì mọ́ ń ká bébà, etí bébà náà á mú bí abẹ. Agogo mẹ́rin ń kọjá, kò sunkún, kò bèèrè ilé. Àṣẹ ló ń pa.

"Ẹ fẹ ẹnu ọ̀nà yìí sí i, bàbá. Ẹni tó ń bọ̀ á gbé báàgì dání."

Ọkọ rẹ̀ fẹ̀ ẹ́. Ó ku òrùlé nìkan.

"Iṣẹ́ yín lọ́ra o. Ẹ yára díẹ̀."

"Mò ń yára, Gaik," ló ní. Ó gbé abẹ sílẹ̀, ó mú rúlà, ó tún wọn òrùlé tó ti wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta tẹ́lẹ̀.