Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Gé Bídọ̀n Kúrò Lára Ẹrù

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi wa dojú dé lórí odò Ọ̀pàrà kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. A wà ní ìsinmi ilé ìwé, èmi àti ìyá mi sì ń gbé kajú láti Ṣábẹ̀ẹ́ sọdá sí ọjà Nàìjíríà. Ní èbúté tí a ti ń wọkọ̀, oníṣòwò kọ̀ọ̀kan a máa so bídọ̀n òfìfo, irú èyí tí wọ́n fi ń ra òróró, mọ́ ẹrù rẹ̀. Bí ẹrù bá rì, bídọ̀n tó léfòó ni yóò fi ibi tó wà hàn.

Láàárín odò, ọkọ̀ forí sọ kùkùté, omi ń ya wọlé. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyá mi yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn, ó sì ti bídọ̀n mọ́ mi láyà.

"Dì í mú, má ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀."

"Màmá, kajú wa ńkọ́?"

"Mo ní kí o dì í mú."

Bí ọkọ̀ ṣe dojú dé, bídọ̀n náà ló gbé mi dúró títí ọlọ́kọ̀ fi fà mí dé èbúté. Ìyá mi lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé wa. Àwọn èèyàn bi í léèrè ibi tí ẹrù rẹ̀ rì sí, kí wọ́n lè bá a wá a. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ẹ má yọra yín lẹ́nu. Ẹrù mi ti gúnlẹ̀."

Èmi náà ti di ìyá báyìí. Bí mo bá fẹ́ sọdá odò yẹn, mo máa ń dúpẹ́, mo sì máa ń mú bídọ̀n méjì dání: ọ̀kan fún kajú, ọ̀kan fún ọmọ mi.