Nọ́ọ̀tì Tó Ṣẹ́kù

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Kétu, Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe ti ilé ìwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojúlé wa kọjú sí ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ọmọ apá Ọ̀yọ́ tó máa ń sọ̀rọ̀ sókè bó bá ń ṣiṣẹ́, bí ẹni ń bá irin jà. Gbogbo àwa ọmọdé àdúgbò la mọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Tó bá ní ẹ́ńjìnnì kan fẹ́ sáfíìsì, a mọ̀ pé ìdọ̀tí lásán ló wà lára rẹ̀. Tó bá ní rìpíà, nǹkan kan ti kán. Tó bá ní ó ti nọ́ọ̀kì, a óò bojú wo ẹni tó ni ín, torí inú ẹ́ńjìnnì ti dàrú nìyẹn, kò lè yí mọ́. Ọ́fáhọ́ọ̀lù ni oògùn rẹ̀: kí wọ́n tú u palẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì tún un tò. Lẹ́yìn èyí, kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ló kù. Bàbá náà kì í sáré sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá àtúnṣe, á kọ́kọ́ yọ fìlà, á ní kí ẹni tó ni ín jókòó ná.

Màmá mi ní ẹ̀rọ ìlọta tí bàbá mi rà fún un. Abẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ló wà, díísù ló ń mu. Bàbá mi ló máa ń yí i láràárọ̀ títí yóò fi dìde, nígbà tí àwọn tó fẹ́ lọ ẹ̀wà àkàrà bá ti tò síbẹ̀. Màmá mi á máa ṣẹ̀fẹ̀ pé òun kò mọ èwo ló ń pariwo jù nínú ọkọ òun àti ẹ̀rọ òun. Ariwo àwọn méjèèjì ló ń jí wa.

Bàbá mi kú lójijì. Bí màmá mi ṣe ń ṣe opó, àbúrò bàbá mi ló ń bá wa mójú tó ẹ̀rọ náà. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́, kò rántí bu ọ́ìlì sí i. Lọ́jọ́ kan ẹ́ńjìnnì dún gbà, ó dún gbì, ó dákẹ́. Àbúrò bàbá mi yí i títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, kò yí. Ló bá ní ó ti kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, pé tó bá di Sátidé òun yóò pe àwọn tó ń ra irin kí wọ́n wá gbé e, ká lè rí nǹkan jẹ. Màmá mi kò sọ pé kó tà á, kò sì sọ pé kó má tà á. Ó kàn kọjú sí ògiri.

Wọ́n ti ṣe ogójì bàbá mi tán nígbà náà, síbẹ̀ màmá mi kò dìde. Oúnjẹ tí a bá gbé síwájú rẹ̀ á tutù síbẹ̀. Èmi ni àkọ́bí, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá. Lójú tèmi, bí ẹ̀rọ ṣe dákẹ́ náà ni màmá mi dákẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bó pẹ́ bó yá, wọn yóò ní òun náà ti kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Mo bá sáré kọdá lọ bá bàbá mẹkáníìkì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá mi ti nọ́ọ̀kì. Ẹ wá bá wa ṣe wọ́n."

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Ṣé ó ń jẹun?" Mo ní rárá. Ó yọ fìlà, ọkàn mi já. Àṣé orí ló fẹ́ họ, ó tún dé e padà, ó tẹ̀ lé mi.

Kò wọ yàrá. Abẹ́ páànù ló kọ́kọ́ lọ, ó gbá ẹ́ńjìnnì lábàrá, ó fetí sí i, kó tó wá dúró lójú fèrèsé màmá mi.

"Ìyàwó, ẹ kú àfaradà. Ẹ̀rọ yín ò tíì kú o. Ọ́fáhọ́ọ̀lù ló fẹ́. A máa tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, a máa fọ̀ ọ́, èyí tó bá ti jẹ, a máa pààrọ̀ ẹ̀, ká wá tún un tò."

Màmá mi dáhùn látinú yàrá. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń ṣe é fún èèyàn náà?"

Bàbá náà nawọ́ sí ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Màá bá àbúrò ọkọ yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ẹni tó bá ni ẹ́ńjìnnì ló ń fọ inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá wá, bó ṣe máa wà nílẹ̀ nìyẹn."

Irọ́ ni. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí wọn. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà sórí àpò níta gbangba níwájú ṣọ́ọ̀bù. Màmá mi kò jáde láàárọ̀, kò jáde lọ́sàn-án. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, òjò kù lókè. Mo ń wo àwọn irin náà, mò ń wo ilẹ̀kùn wa. Bí màmá mi ṣe yọ nìyẹn, ó ń so ìró mọ́dìí bó ṣe ń bọ̀, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí òjò pa gbogbo irin yìí ni?"

Inú mi dùn débi tí mo fi sunkún. Tipẹ́tipẹ́ ni màmá mi kò ti bínú sí ẹnikẹ́ni.

Ó jókòó ti abọ́ karosíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omijé rẹ̀ ń kán sínú karosíìnì, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí èyí ń wọ̀ àti iṣẹ́ tí tọ̀hún ń ṣe. Ó bá àwọn ọmọṣẹ́ jẹ búrẹ́dì. Ó fi ẹnu na ọ̀kan nínú wọn torí pé ó ń fi bọ́ọ̀tù ẹ́ńjìnnì òun ṣeré.

Nígbà tí wọ́n tò ó tán, nọ́ọ̀tì kan, irin kékeré tó ń di bọ́ọ̀tù mú, ṣẹ́kù lórí àpò. Bàbá mẹkáníìkì wá ibi tó ti yọ lọ, ó wá a bọ̀, kò rí i. Àbúrò bàbá mi ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà fa irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì lé màmá mi lọ́wọ́. Màmá mi, tí kò yí i rí láyé rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ẹ́ńjìnnì sín, ó tu èéfín dúdú, ó sì dìde. Àwọn aládùúgbò jáde sẹ́nu ọ̀nà láti wò ó.

Màmá mi na nọ́ọ̀tì náà sókè. "Èyí ńkọ́?"

"Ìyàwó, nǹkan máa ń ṣẹ́kù nígbà míì. Ṣé kì í ṣe pé ó ń lọ?"

"Ó ń lọ."

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Màmá mi so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ló fi rán gbogbo wa níléèwé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù yẹn wà ti di ilé alájà tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ẹ̀yin náà ní Gẹ̀ẹ́sì tiyín, ẹ̀ ń ríṣáàjì, ẹ̀ ń rísẹ́ẹ̀tì, ó sì wù mí bẹ́ ẹ ṣe ń fi ìka kan ṣe é. Ohun tó ń dùn mí ni pé kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ti yá yín lẹ́nu jù. Fáànù mi dákẹ́, ẹ ní kí n jù ú nù. Tọkọtaya jà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní ó ti kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Kò sí ẹni tó ń kọ́kọ́ yọ fìlà mọ́.

Nọ́ọ̀tì yẹn, tí màmá mi fi sílẹ̀ fún mi, wà nínú àpótí mi. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, mo máa ń mú un jáde láàárọ̀, màá dì í mọ́wọ́ díẹ̀, kí n tó dìde lọ gbá ojúde. Títí dòní, n kò mọ ibi tó ti yọ.