Mò Ń Jowú Erin

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba, ti kú sínú igbó tó ń ṣọ́. Tàkúté irin táwọn tó ń jí ẹran pa dẹ sílẹ̀ ló mú un lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà títí ẹ̀mí fi bọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, erin kan kó sí irú tàkúté bẹ́ẹ̀. Erin wà láàyè.

Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín bó bá wù yín, àmọ́ mò ń jowú erin yẹn. Owú náà ń ta mí bí ata. Erin ní ẹ̀rọ lọ́rùn tó ń sọ ibi tó wà fún ọ́fíìsì tọ̀sán tòru. Bó ṣe pẹ́ lójú kan, wọ́n ti mọ̀. Mọ́tò gbéra, dókítà gbéra, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ gàgàrà, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu géètì ọ́fíìsì. Kí ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀gbọ́n tèmi lọ́rùn? Káàdì ìdánimọ̀ tí fọ́tò ara rẹ̀ ti ṣá. Fóònù kì í sì í ṣiṣẹ́ nínú igbó yẹn.

Asúfèé là ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Igi làwọn obìnrin abúlé wa fi ń dáná, inú igbó yẹn nìkan nigi sì kù sí. Ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣẹ́gi níbẹ̀. Ṣé kó mú ìyàwó rẹ̀ ni? Bó bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á súfèé, wọ́n á ju igi sílẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tó bá délé, á wo ààrò tútù.

"Ẹ ò dáná lónìí? Àbí ẹ̀ṣọ́ lé yín ni?"

Ìyàwó á ní, "Ẹ̀ṣọ́ kan tó burẹ́wà báyìí ni. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Lọ́jọ́ tí tàkúté mú un, ó súfèé. Ó súfèé, súfèé. Àwọn obìnrin gbọ́, wọ́n ju igi sílẹ̀, wọ́n sá lọ. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé, "Èmi ni mo ṣáájú wọn. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín." Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i.

Ọ̀gá àgbà àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó wá kí wa. Ó ní àwọn obìnrin ló ṣàṣìṣe. Mo bi í léèrè ẹ̀rọ tọrùn erin. Ó ní, "Ó wọ́n, mà. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ kì í rà á fún èèyàn."

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n kì í rà á fún èèyàn!

Wọ́n ti gba ẹlòmíì sípò rẹ̀. Mo rí i lábẹ́ fọ́tò erin, káàdì lọ́rùn, ọwọ́ lásán. Ọ̀gá àgbà, ta ló jókòó sídìí tábìlì yín tó pinnu pé kí erin ní, kí ẹ̀ṣọ́ má ní? Ẹ mú un jáde. Kó wá jókòó níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni. Torí títí dòní, obìnrin yẹn gbà pé òun ló pa ọkọ òun.