Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Fi Òjìji Ṣeré

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ìyá mi fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò wa ló sì ń pè é ní Tíṣà títí dòní. Èmi ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, èmi nìkan sì ni ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yé e. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òdogbolù. Tí wọ́n bá bi í léèrè ohun tí èmi ń ṣe, á ní mo wà, ara mi sì le.

Iná ni mò ń tò fún àwọn tó ń ṣe fíìmù. Àwòrán kíkùn ni mo kọ́kọ́ kọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ nìkan kì í fi ojú ènìyàn hàn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kún ojú láti iwájú, ojú náà á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ibi tó ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ló ń sọ fún wa pé imú wà níbẹ̀. Olùkọ́ wa a máa ní ká kọ́kọ́ kun òkùnkùn, ká wá máa fi ìmọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ sídìí fíìmù, mo rí i pé iṣẹ́ kan náà ni, àfi pé ti ibí gba kí obìnrin máa gun àkàbà.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún ìyá mi lọ́jọ́ kan. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, bó ṣe máa ń tẹ́tí sí ọmọ tó fẹ́ sọ ìdí tó fi pẹ́ dé ilé-ìwé. Ó wá ní àwọn tó ń mú iná wá sí òpópónà wa náà ń tàn án, wọ́n sì ń pa á, òun ò sì gbọ́ pé wọ́n lọ sí yunifásítì nítorí ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, olùdarí kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ń wá pálọ̀ àtijọ́, èyí tí fèrèsé rẹ̀ ga, tó sì jẹ́ onígi. Mo mú un lọ sílé wa. Ìyá mi gbà. Ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sórí àga bàbá mi tó ti dolóògbé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ dúdú bo fèrèsé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí a fi ń dí ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run, tí a tún wá ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀. Mo ní oòrùn kì í dúró lójú kan. Tí a bá ya apá kan lówùúrọ̀, tí a ya ìyókù lọ́sàn-án, òjìji tábìlì á ti rìn kúrò níbi tó wà, àwọn òǹwòran á sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rò ó wò. Ó ní òun rò pé gbogbo ayé ló ti mọ̀ pé irọ́ ni fíìmù.

Ohun tí a fẹ́ yà lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò ju báyìí lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń di ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ lọ sókè òkun láìdágbére. Ìyá rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sọ̀rọ̀, òjìji rẹ̀ nìkan ló bọ́ sára ògiri. Ọmọ rí òjìji náà, kò yíjú padà. Obìnrin òṣèré tó yẹ kó ṣe ìyá ń bọ̀ láti Èkó, ọkọ̀ rẹ̀ sì bàjẹ́ lọ́nà. Nígbà tó di aago méjì, olùdarí lọ bá ìyá mi nílé ìdáná, níbi tó ti ń já ewé ẹ̀fọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìyá mi ní òun máa rò ó. Ó wọ yàrá. Nígbà tó máa fi jáde, léèsì aláwọ̀ wúrà tó wọ̀ lọ́jọ́ tó pé àádọ́rin ọdún ló wà lára rẹ̀, iyùn wà lọ́rùn, gèlè wà lórí, ó ti lé tìróò, ó sì ti fi àtíkè para. Olùdarí wò mí. Èmi náà wò ó. Èmi ni mo gbé iná sẹ́yìn ẹnu ọ̀nà yẹn. Èmi ni mo mọ̀ jù nínú ilé náà pé kò sí ohun kan lára léèsì yẹn tó máa dé inú kámẹ́rà. Mo ní, "Mọ̀mọ́, ẹ rẹwà." Òótọ́ ni. N kò sọ ìyókù.

Gèlè nìkan ni olùdarí rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó tú, nítorí ìyá tó wà nínú ilé ara rẹ̀ ló fẹ́ ṣe. Ó tú u, ó wé ìborí kékeré. Olùdarí tún ní kó máa sunkún, kí èjìká rẹ̀ máa gbọ̀n. Ìyá mi ní òun kì í sunkún níwájú àlejò. Olùdarí bi í pé kí ló wá máa ṣe.

Ó ní, "Tí ọmọ mi bá ń lọ, tí kò sọ fún mi, mà á dúró."

Ó sì dúró. Kò mira. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni fẹ́ di òpó ilẹ̀kùn mú, kò dì í mú, ó dá ọwọ́ náà padà sídìí ìró rẹ̀. Ó pẹ́ kí olùdarí tó rántí pé òun ló yẹ kó ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, fíìmù jáde. Kò sí ẹni tí ìyá mi kò sọ fún. Lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́kànlá, kún pálọ̀ wa. Ìyá mi ti se ìkọ́kọrẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn, n kò lè jẹun. Òjìji náà dé, ó dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka Oore-ọ̀fẹ́ tán, ó lọ. Fíìmù ń bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ń wò, wọ́n ń dúró, títí orúkọ àwọn òṣèré fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Alága wọn ní, "Tíṣà, ìgbà wo lẹ ń jáde?"

Ìyá mi ní, "Mo ti jáde. Mo sì ti wọlé."

 Ẹnì kan wá ní òun ti fura, pé ìdúró òjìji yẹn, ìdúró ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọ́n jẹ oúnjẹ tó kù, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ìyá mi kó àwo pa pọ̀ kó tó bi mí bóyá mo mọ̀ pé òjìji nìkan ló máa hàn. Mo ní mo mọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú, pé bí mo ṣe rí i nínú léèsì yẹn, ẹnu mi ò gbà á. Ó ní ká ní mo sọ ni, òun ì bá wọ aṣọ ilé, ooru ò ní mú òun nínú léèsì lásán.  Ó ní kí n dá fíìmù náà padà síbẹ̀.

A wò ó. Ó ní kí n tún un dá padà. Ìgbà kẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

Ó ní, "Bí ìyá mi ṣe máa ń dúró nìyẹn."

N kò mọ ìyá ìyá mi. Àgbẹ̀ ni ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin, wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó bí mi, kò sì ní fọ́tò. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí oníyàwòrán wá sí agboolé wọn, oko ló wà. Ìyá mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí òun ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, ẹnu ọ̀nà ni ìyá òun dúró sí, tó gbé ọwọ́ sókè, tó sì dá a padà sídìí ìró. Òun ò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Ó wá bi mí bóyá mo ṣì lè kun àwòrán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kùn ún. Òjìji kì í dúdú bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Tí ènìyàn bá wò ó pẹ́, á rí àwọ̀ aró nínú rẹ̀, á rí àwọ̀ ilẹ̀ pupa, á sì rí àwọ̀ ògiri fúnra rẹ̀. Ìyá mi ń wá wò mí lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sọ̀rọ̀: ó ní ìyá òun kò ga tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí n fa ìborí náà wálẹ̀ díẹ̀. Mo ṣe é. A gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Àbúrò ìyá mi obìnrin, tó ṣì ń ṣoko ní Imùṣin, wá kí wa lóṣù tó tẹ̀ lé e. A kò tíì sọ fún un pé àwòrán kankan wà. Ó wọlé, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó gbójú sókè sí àwòrán náà, orúnkún rẹ̀ sì ti ń kan ilẹ̀ lọ bí ẹni fẹ́ kí àgbà kó tó rántí ara rẹ̀. Ó di ìjókòó mú, ó dìde. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun láti àná.

Ìyá mi kí i kú ìrìn, ó bu omi fún un. Àwọn méjèèjì jókòó lábẹ́ àwòrán náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òrùlé ilé Imùṣin tó ń jò.