Fìlà Bàbá Mi Nínú Balùwẹ̀

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Dagenham, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ti kọ́ mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní dígínítì. Olùkọ́ wa ní inú èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé ohun tó mú ènìyàn yẹ ní àpọ́nlé ló túmọ̀ sí. Kan ilẹ̀kùn kí o tó wọlé. Fi táwẹ̀lì bo ìdí wọn. Mo gba ìwé ẹ̀rí, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Àfi ìgbà tí bàbá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Becontree. Rọpárọsẹ̀ ti mú u lápá ọ̀tún, kò lè dá wẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé tèmi ti ìbọ̀wọ́, mo sì fi ẹnu tí mo fi ń bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ kí i lórí ìdúró: "Morning, darling. Ready for our wash?"

Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá mi ní Ìjẹ̀bú kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wò mí títí.

"Ta ni darling ẹ? Èmi àti ta la sì fẹ́ jọ wẹ̀?"

Kò jẹ́ kí omi kan òun mọ́. Bẹ́ẹ̀ Aládùúrà ni wá, a kì í fi ara àìwẹ̀ wọ sùtánà, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan sì ni ibi tí wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Àgbà nílùú yìí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn ará Róòmù fún un.

Ó ní, "Àwọn yẹn, ṣé wọ́n máa ń kúnlẹ̀ kí bàbá wọn?"

Ní Sátidé, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo kúnlẹ̀ sórí táìlì tútù. Inú ń bí mi, agídí rẹ̀ ju ti gbogbo arúgbó tí mò ń tọ́jú lọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú."

"Lọ mú fìlà mi wá."

Bó ṣe jókòó sórí àga ike nìyẹn, ìhòòhò goloto, fìlà lórí, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kí n gbé táwẹ̀lì kúrò, ṣebí ibẹ̀ náà ni mo ti wá. Mo fọ ẹ̀yìn, mo fọ ẹsẹ̀, ó ń tọ́ka sí ibi tí mo fò bí ẹni ń máàkì ìwé. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún sì wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tó kan orí, mo kàn dúró. Ó bọ́ fìlà náà fúnra rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Má bínú," ó ní, "ọwọ́ òsì ni."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.